Òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́dún kan: ṣé inú omi ẹ̀rọ ló ti wá?

Ìyá Mofẹ́ (Chicago)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ọmọbìnrin mi pé ọdún kan àti oṣù méjì. A gbé e lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ ọlọ́dún kan, wọ́n gún un níka, wọ́n sì pè wá padà pé òjé, ìyẹn lead, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. 9 ni wọ́n kọ sínú ìwé, ìyẹn máíkírógíráàmù òjé nínú dẹ́sílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Dókítà ní ó ti kọjá 3.5 tí wọ́n ń wò, ó sì fẹ́ ká padà wá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ní apá rẹ̀. Ara ọmọ yá o. Ó ń jẹun, ó ń ṣeré, àfi pé inú rẹ̀ máa ń le, kì í tètè yàgbẹ́.

Ilé àtijọ́ la háyà, wọ́n ti kọ́ ọ ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Lándílọ́ọ̀dù ti gba lẹ́tà pé páìpù òjé ló gbé omi wọlé láti títì. Ọkọ mi ní kò sí àríyànjiyàn mọ́, omi ni, ó ti ra omi inú ike jọ sí kọ́rọ̀. Màmá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa tọ́mọ, ní ká ṣáà máa se omi náà kó hó dáadáa. Èwo ni ká ṣe? Ṣé omi náà ni lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì (Houston)

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Mofẹ́. Òótọ́ ni Màmá sọ. Ẹ se omi, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ sẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe fi tọ́ gbogbo wa nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ (Maryland)

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi, n kò lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá bẹ́ẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà gbé e lọ. Kòkòrò ni iná ń pa nínú omi. Òjé kì í ṣe kòkòrò. Bí omi bá ń hó, omi ló ń gbẹ, òjé ò lọ síbì kankan. Ìwọ̀nba omi tó bá ṣẹ́ kù sínú ìkòkò, òjé inú rẹ̀ á wá ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi kò lè mú un.

Ìyá Mofẹ́, ẹ má ṣe bu omi gbígbóná láti ẹnu ẹ̀rọ po mílíìkì ọmọ tàbí fi po ògì. Omi tútù ni kí ẹ bù, kí ẹ wá gbé e kaná fúnra yín, torí omi gbígbóná máa ń họ òjé lára páìpù jù.

Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ apá tí dókítà fẹ́ fà yẹn falẹ̀ rárá. Eruku tó bá wà lára ìka ọmọ lè kó sínú ẹ̀jẹ̀ ìka, kó gbé iye rẹ̀ ga ju bó ṣe wà lọ. Ti apá la gbára lé. 3.5 tí wọ́n dárúkọ fún yín, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 2021; 5 ni wọ́n ń lò ṣáájú. Kì í ṣe pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ dára o. Àjọ ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní pa ọmọ lára.

Pé ọmọ ń sáré kiri ilé kò fi nǹkan kan hàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í ní àmì kankan títí wọ́n á fi wọ ilé-ìwé, tí ìwé ò ní wọ̀ wọ́n lórí, tí wọn ò ní lè jókòó sójú kan. Inú tó ń le yẹn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ara ọmọ kò mọ òjé yàtọ̀ sí kálísíọ́mù. Ọ̀nà tí kálísíọ́mù ń gbà ni òjé ń gbà dé ọpọlọ àti eegun. Ohun tí ara àgbàlagbà ń gbà wọlé nínú òjé tó bá gbé mì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọdé, tí í máa tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń dín kù tí a bá ti mú ohun tó ń fà á kúrò, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wọ eegun lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà ní òjé ti bọ́ sí olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Oògùn tó ń fa òjé jáde wà, àmọ́ a kì í sábà lò ó fún ọmọ tí iye rẹ̀ kò tó 45. Fún 9, ẹ wá ibi tó ti ń wọlé, kí ẹ dí i.

Ẹ má jẹ́ kí inú rẹ̀ máa ṣófo. Ọmọ tí èròjà irin àti kálísíọ́mù ò tó lára rẹ̀ ni òjé máa ń wọ̀ lára jù. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹyin, ẹja, wàrà, kí ẹ fi ọsàn tì í.

Àkànní (Chicago)

Ìlú kan náà la wà. Ọ̀rọ̀ páìpù yìí kì í ṣe ti ilé yín nìkan. Òfin Chicago fúnra rẹ̀ ló ní páìpù òjé ni kí wọ́n fi gbé omi wọ àwọn ilé kéékèèké, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin dè é lọ́dún 1986. Nǹkan bí ilé 400,000 ló ṣì ní in, kò sí ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà tó ní tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ pe 311, nọ́ńbà ìjọba ìlú wa, ẹ ní ẹ fẹ́ yẹ òjé inú omi yín wò. Ọ̀fẹ́ ni. Omi tó ti sùn sínú páìpù mọ́jú ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹnikẹ́ni tó fọ ẹnu, kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé ìgbẹ́. Kí èsì tó dé, ẹ ra asẹ́ omi tí wọ́n kọ NSF/ANSI 53 sí, àmì pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ń mú ohun tó lè pa ara lára, kí ẹ sì ka ìdí páálí rẹ̀ pé lead wà lára ohun tó ń mú. Èyí tó kàn ń mú òórùn oògùn omi kúrò kò ṣe é gbára lé. Ẹ máa pààrọ̀ inú rẹ̀ lásìkò.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè jù. Ìlú ń fi phosphate sínú omi láti ibùdó wọn, ó máa ń bo inú páìpù kí òjé má baà yọ́ sínú omi.

Bàbá Ìbejì (Houston)

Asẹ́ tó máa ń wà nínú fíríìjì ńkọ́? Ṣé ó ń mú òjé?

Plọ́mbà Peckham (London)

Àwọn kan ń mú un, àwọn kan kì í mú un. Nọ́ńbà 53 yẹn náà ni kí ẹ wá lára rẹ̀.

Àkànní, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ phosphate, a ń lò ó níbí náà. Ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ohun tó bo inú páìpù yẹn tinrin. Bí wọ́n bá ń wa títì níwájú ilé, tí wọ́n ń pààrọ̀ mítà, tí ọkọ̀ ńlá ń mi ilẹ̀, ó lè bọ́ sínú omi, pẹ̀lú òjé rẹ̀. Ẹ rántí Flint ní Michigan. Oṣù kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n kúrò lórí omi Detroit bọ́ sórí omi odò Flint, wọn ò sì fi oògùn tó ń dáàbò bo páìpù sí i. Omi náà jẹ inú páìpù. Àwọn aráàlú ń gbé omi pupa sínú ìgò lọ bá ìjọba, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ìgbà tí dókítà ọmọdé kan, Mona Hanna-Attisha, kó àkọsílẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015 ni wọn ò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n padà sórí omi Detroit.

Ìyá Mofẹ́, ẹ lọ wo páìpù náà fúnra yín ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tó ti gba inú ògiri wọlé, kó tó dé mítà. Ẹ fi etí kọ́bọ̀ ha á díẹ̀. Bó bá rọ̀, tí ibi tí ẹ ha dán bíi fàdákà nígbà tí ìyókù rẹ̀ rí bíi eérú, tí mágínẹ́ẹ̀tì kò sì lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Bó bá pupa, bàbà ni. Bí mágínẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Ẹ fọwọ́ yín lẹ́yìn náà.

Bí lándílọ́ọ̀dù bá ní òun á pààrọ̀ ìdajì páìpù, ti inú ọgbà nìkan, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Gígé tí wọ́n máa gé e á da òjé sínú omi yín fún ìgbà díẹ̀, ìdajì tó kù á sì ṣì wà níbẹ̀. Láti títì dé inú ilé ni kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ ẹ wà ní Britain, ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú 1970 ni kí ẹ fura sí jù.

Rẹ̀mí Ọlọ́dà (Philadelphia)

Omi, omi, omi. Mo bọ̀wọ̀ fún gbogbo yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe, ilé tó ti pẹ́ báyìí, ọ̀dà ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ọdún 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé. Ohun tí wọ́n kùn ṣáájú ìgbà yẹn ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Ibi fèrèsé tó ń lọ sókè sódò ni ó burú sí jù: gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, igi ń ha igi, eruku fúnfun kíún ń bọ́ sílẹ̀. Ọmọ tó ń rá, tó ń di fèrèsé mú dìde, á fọwọ́ kó o, á fọwọ́ sẹ́nu. Ọ̀dà yẹn tún máa ń dùn lẹ́nu ọmọ.

Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá ibẹ̀. Àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún, kí ẹ sọ àkísà náà nù. Kí ẹnikẹ́ni má ha á, kí ẹnikẹ́ni má fi iná jó o. Mo ti bá ilé tí bàbá ọmọ fúnra rẹ̀ ti fi pépà ha fèrèsé yàrá ọmọ mọ́lẹ̀, eruku rẹ̀ bo bẹ́ẹ̀dì ọmọ pátápátá.

Ìyá Mofẹ́ (Chicago)

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo lọ wo páìpù, eérú ló rí, ibi tí mo ha dán. Ti fèrèsé, lándílọ́ọ̀dù ti yọ gbogbo rẹ̀, ó fi tuntun sí i kí a tó kó wọlé. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn nìkan ni ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, ọmọ kì í sì dé ibẹ̀. Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú nìyí: ọmú ni Mofẹ́ ń mu jù, omi ẹ̀rọ tó ń wọ inú rẹ̀ kò pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ (Maryland)

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí dókítà yín lè má mọ̀ láti béèrè. Ṣé ẹ̀ ń lé tìróò fún un? Ṣé ẹ̀ ń fi ìkòkò tí wọ́n fi àwókù irin dà se oúnjẹ rẹ̀? Ṣé ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀gbà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó máa ń kì bọ ẹnu? Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ̀ ń ṣe?

Ìyá Mofẹ́ (Chicago)

Awakọ̀ ni bàbá rẹ̀. Ìkòkò tí a rà níbí là ń lò. Tìróò, bẹ́ẹ̀ ni. Àràárọ̀ tí Màmá bá ti wẹ̀ ẹ́ tán ni wọ́n máa ń lé e fún un láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọwọ́. Inú àpò awọ kékeré ló wà, dúdú tó ń kọ mànà, pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ilé ni wọ́n ti rà á bọ̀. Ṣé òjé lè wà nínú tìróò ni?

Mọdínà Olóògùn (Lagos)

Ó lè wà, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òkúta dúdú tó ń dán tí wọ́n ń lọ̀ fún tìróò, galena ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, òjé àti imí ọjọ́ tó para pọ̀. Ní Boston lọ́dún 2011, irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. 13 ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wá ilé títí, tìróò tí wọ́n rà láti Nàìjíríà ni wọ́n gbé lọ yẹ̀ wò: òjé ló kó ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀. CDC kọ ọ́ jáde lọ́dún 2012 kí àwọn dókítà lè máa béèrè.

Kì í ṣe ojú nìkan ló ń gbà wọlé. Ọmọ á nu ojú, ọwọ́ á dúdú, ọwọ́ á wọ ẹnu. Ẹ wo ìrọ̀rí rẹ̀, ẹ ó rí i.

Alhaja Sàúdá (Ìlọrin)

Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ yìí. Tìróò ni ìyá mi lé fún mi, mo lé e fún àwọn ọmọ mi, dókítà wà nínú wọn. Sunna ni. Ó ń mú ojú mọ́lẹ̀. Ẹ má sọ ohun tí a bá láyé di májèlé nítorí pé òyìnbó kọ ìwé.

Mọdínà Olóògùn (Lagos)

Ẹ kú àdúrà, Alhaja. Mùsùlùmí ni èmi náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi sunna sílẹ̀. Ohun tó wà nínú àpò tí wọ́n ń tà lọ́jà ni mò ń bá jà. Ẹni tó ń tà á kò mọ òkúta tí wọ́n lọ̀, ẹni tó ń rà á kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ yín dára, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò nígbà náà. Òjé kì í pa ọ̀pọ̀ ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bu òye wọn jẹ, ẹnikẹ́ni ò sì lè mọ bí orí ọmọ ì bá ṣe pé tó bí kò bá sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, kò fàyè gba irú tìróò báyìí rárá.

Ọlá Mókólá (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin ará òkè òkun lẹ ni wàhálà páìpù yìí. Níbí, borehole là ń mu, ike ni páìpù wa, kò sí òjé lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ Ògìjó (Ògùn)

Ọlá, ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn dáadáa, nítorí irú ọ̀rọ̀ yẹn ló fi wá síbi tí a wà.

Lákọ̀ọ́kọ́, borehole náà ní àwọn ohun èlò idẹ lára, òjé máa ń wà nínú idẹ mìíràn. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú omi ẹ̀rọ ní Ghana, Mali àti Niger. Ẹ wá kúrò lórí omi. Lọ́dún 2010 ní Zamfara, ní Yargalma àti Dareta, àwọn èèyàn ń lọ òkúta wúrà nínú ilé, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata àti ọkà. Òjé wà nínú òkúta náà. Ju 400 ọmọdé ló kú. Gìrì ń mú wọn, wọ́n rò pé ibà ni, kó tó di pé àwọn dókítà MSF, àjọ oníṣègùn aláàánú Médecins Sans Frontières, fura.

Ní Ògìjó tiwa, bátìrì ọkọ̀ ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń tú ògbólógbòó bátìrì, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀ láti tà á sókè òkun. Lóru, èéfín á bo àdúgbò, ilẹ̀ á mọ́, eruku dúdú á wà lórí páànù, lórí aṣọ tí a sá, lórí ewé ẹ̀gẹ́. Lọ́dún 2025, àwọn oníròyìn mú kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 70 èèyàn wò níbí: nínú mẹ́wàá, méje ni òjé wọn ga dé ibi tó léwu, kò sì sí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó bọ́ nínú rẹ̀. Ìjọba ti àwọn ilé-iṣẹ́ kan pa. Ilẹ̀ tó ti mu òjé ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ sì ń ṣeré lórí rẹ̀.

Kì í sì í ṣe Ògìjó nìkan. Ẹ wo àwọn tó ń cháàjì bátìrì ládùúgbò yín. Ẹ wo apẹja tó ń yọ́ òjé nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé ìdáná, tó ń rọ ọ́ sí ìdí àwọ̀n. Ìkòkò yẹn, ẹlòmíràn á fọ̀ ọ́, á fi se ẹ̀wà. Ohun tí à ń sọ fún àwọn èèyàn wa: ẹni tó bá ṣiṣẹ́ bátìrì, kó bọ́ aṣọ àti bàtà rẹ̀ síbi iṣẹ́, kó wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Kí a má fọ aṣọ náà pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Kí a má gbe omi òjò orí páànù mu. Kí a máa fọ ọwọ́ ọmọ kó tó jẹun. Ọ̀dà tí ẹ bá máa rà, ẹ béèrè pé kí òjé rẹ̀ má kọjá 90 nínú mílíọ̀nù kan.

Ọlá Mókólá (Ìbàdàn)

Oní-bátìrì kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé-ìwé àwọn ọmọ wa. Ta ni mo lè sọ fún?

Ọmọ Ògìjó (Ògùn)

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ oní-bátìrì fúnra rẹ̀ àti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ àyíká ìjọba ìbílẹ̀ yín. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ni òjé yẹn kọ́kọ́ ń pa lára. Bí ẹ bá fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, á gbọ́.

Ìyá Mofẹ́ (Chicago)

Ẹ̀jẹ̀ apá ti jáde, 8 ni. Ẹ̀ka ìlera ìlú ní àwọn ń bọ̀ wá wo ilé. Mo ti tọ́jú tìróò sí ibi tí ọwọ́ kò lè dé, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ìdí rẹ̀ fún Màmá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. N kò fẹ́ kí wọ́n rò pé mo ní wọ́n fún ọmọ mi ní májèlé jẹ.

Àǹtí Fúnmi (Dublin)

Ẹ̀yin ìyàwó kọ́ lẹ máa sọ ọ́. Kí ọkọ yín jókòó ti ìyá rẹ̀, kó kúnlẹ̀ bó bá yẹ, kó ní, "Màmá, dókítà ní òkúta tí wọ́n lọ̀ lóde òní kò dára mọ́." Ẹ̀bi ọjà ni, kì í ṣe ẹ̀bi Màmá. Kí ẹ wá mú wọn dání lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà ṣàlàyé níwájú wọn. Bí ó bá yé wọn, àwọn fúnra wọn ló máa pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn nílé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹnu àwọn ìyá àgbà ni àwọn ìyàwó tuntun ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́. Ìwé pélébé tí a pín kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà kan dé.

Rẹ̀mí Ọlọ́dà (Philadelphia)

Àǹtí, ọ̀rọ̀ yín dára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀wọ̀ mú kí ọ̀rọ̀ rọ̀ jù. Kí Màmá gbọ́ ọ ketekete pé òjé ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bí wọn ò bá gbọ́ ìyẹn, wọ́n á ra òmíràn.

Nọ́ọ̀sì Àṣàkẹ́ (Maryland)

Ìyá Mofẹ́, ẹ má da tìróò yẹn nù o. Ẹ dì í sínú nylon méjì, ẹ kó o fún àwọn tó ń bọ̀ wá wo ilé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fọ ìrọ̀rí àti aṣọ ìbusùn ọmọ. Asẹ́ omi náà, ẹ má yọ ọ́ torí pé ẹ ti rí tìróò. Páìpù yín ṣì ń fi tirẹ̀ kún un. Bí ẹ bá ti mú méjèèjì kúrò, tí iye náà kò sì lọ sílẹ̀ ní àyẹ̀wò tó ń bọ̀, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ṣì wà nínú ilé, ẹ padà sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn yẹn. Kí ẹ̀yin náà ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹ̀ ń fún ọmọ lọ́mú. Bí Màmá bá ń lé tìróò fún ara wọn, kí àwọn náà ṣe é. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ti fún ẹlòmíràn nínú ẹbí lára èyí tí wọ́n rà, pàápàá ẹni tó bá lóyún.